Bàálù ogun tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, báwo ló ṣe ṣì ń fò?

Ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ méjì tí fídíò kan ti ń lọ láti fóònù dé fóònù lágbègbè wa níbí l'Óṣogbo. Bàálù kékeré kan ló wà nínú ẹ̀, wọ́n kùn ún láwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀, fáànù ńlá wà níwájú ẹ̀, ó ń ké bí ẹni fẹ́ fa ojú ọ̀run ya, wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọdún 1940 ni wọ́n ti ṣe é. Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá mo gbé táyà lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà wa l'Ókè-Fíà, àríyànjiyàn ti gbóná lórí ẹ̀ kí n tó débẹ̀. Bọ̀dá kan ní irọ́ ni, pé kọ̀ǹpútà ló ya á. Ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní mọ́tò tí ọkọ òun rà ní 1998 ò lè dé Ìkìrun mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n tì í lọ́nà, báwo wá ni nǹkan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún á ṣe gbéra nílẹ̀ tí ò ní já. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti dákẹ́ látàárọ̀ wá ní kí ló dé tí òyìnbó lè ṣe é, tí àwọn jẹ́ẹ̀tì tiwa wá dúró síbi tí koríko ti ń bò wọ́n.

Ìbéèrè gidi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo lo ọdún díẹ̀ ní Zaria níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe bàálù, ọ̀rọ̀ àwọn bàálù àtijọ́ yìí sì ti wà lọ́kàn mi láti kékeré, nítorí náà ẹ jẹ́ n jókòó ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, torí ẹnu ò tó o níbi táyà.

Kí ni wọ́n ń pè ní bàálù ogun àtijọ́?

Bàálù tí wọ́n ṣe fáwọn ológun ni, táwọn ológun lò títí wọ́n fi gbé e jù sílẹ̀, tó wá bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, tàbí mùsíọ́ọ̀mù, tàbí olówó kan tó fẹ́ràn ẹ̀, tí wọ́n sì tún un ṣe. Àwọn ológun míì náà máa ń tọ́jú ìwọ̀nba díẹ̀ nínú tiwọn fún ìrántí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù làwọn tí wọ́n lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láàárín 1939 sí 1945. Èyí tó wà nínú fídíò yẹn, Spitfire lorúkọ ẹ̀, bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. R. J. Mitchell ló yàwòrán ẹ̀, ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 1936 ni àkọ́kọ́ ẹ̀ gbéra, wọ́n sì ṣe ju 20,000 lọ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Àwọn tó ṣì ń fò lónìí nínú gbogbo ẹ̀ ò tó 100. Lancaster ńkọ́, bàálù ńlá ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin tó ń ju bọ́ǹbù, 7,377 ni wọ́n ṣe, méjì péré ló ṣì ń fò ní gbogbo ayé, ọ̀kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ní Kánádà.

Ohun tó ń da èèyàn rú ni pé bàálù àtijọ́ ò rí bákan náà. Ẹ ro ti bàbá mẹ́ta tí wọ́n ní Peugeot 504. Bàbá àkọ́kọ́ gbé tiẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń nù ún, àmọ́ kò sí ẹ́ńjìnnì nínú ẹ̀. Ìkejì lè ta ẹ́ńjìnnì tiẹ̀, á wà á dé ẹnu géètì, á tún fi rífáàsì padà wọlé, òun náà mọ̀ pé kò ṣeé gbé jáde sí títì. Ìkẹta ń gbé tiẹ̀ lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Tẹ́ ẹ bá kàn wò wọ́n, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dán. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn bàálù yìí: àwọn kan wà fún wíwò nìkan, àwọn kan lè ké kí wọ́n sì rìn lórí ilẹ̀, àwọn díẹ̀ ló ń fò. Ìyàtọ̀ láàárín ìkejì àti ìkẹta lè gba ọdún mẹ́wàá àti owó tó lè kọ́ ilé ìwé.

Kí ló kàn wá nínú ẹ̀?

Ó kàn wá o. Nígbà ogun yẹn, owó jáde láti Nàìjíríà níbí láti fi ra bàálù. Àwọn ìyá àti bàbá tó ń ta kòkó, tó ń ta ẹ̀pà, wọ́n dá owó, ìjọba òyìnbó sì ń gbà á lórúkọ Spitfire. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn Squadron 91, fi ń jẹ́ Nigeria Squadron. Spitfire ni wọ́n ń fò láti ìgbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní 1941, àwọn náà sì wà lára àwọn tó ń lé bọ́ǹbù tí ò ní awakọ̀ tí Jámánì ń rán wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1944.

Àwọn ọmọ wa náà sì wà nínú bàálù. Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, òun ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà àkọ́kọ́ tó di páìlọ́ọ̀tì tó ní ipò ọ́físà nínú iṣẹ́ ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, ó kú ní 1945. Akin Shenbanjo wà nínú bàálù Halifax, bàálù ńlá tó ń ju bọ́ǹbù lóru, òun ló ń tọ́jú rédíò, ó sì tún lè mú ìbọn. Kódà ojú ọ̀run wa gan-an làwọn bàálù yẹn gbà kọjá: wọ́n á kó wọn dé Takoradi ní Gánà nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á wá fi wọ́n fò gba Èkó, Kánò, Maiduguri, títí dé Káírò. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan tó ń fò lónìí, nǹkan táwọn bàbá bàbá wa dá owó sí lẹ rí yẹn.

Ṣé èyí tí wọ́n ṣe ní 1940 gan-an ló ń fò, àbí ẹ̀dà ẹ̀ ni?

Ibi tí ìjà máa ń wà rèé, ẹ gbọ́ ìtàn ọ̀kan ná. Spitfire kan wà tí nọ́ńbà ẹ̀ ń jẹ́ P9374. Oṣù Karùn-ún 1940 ló sọ̀ kalẹ̀ tipátipá sí etí òkun Calais nílẹ̀ Faransé, iyanrìn sì gbé e mì. Ogójì ọdún ló lò nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó di 1980 kí òkun tó hú u síta. Ẹ wo ohun tí omi iyọ̀ á ti ṣe sí irin fún ogójì ọdún. Síbẹ̀, ní 2011 ó tún gbéra, ó fò. Àbí ẹ rò pé irin tó jẹrà sínú iyanrìn yẹn náà ló gbéra? Rárá, díẹ̀ ló kù tó ṣeé lò nínú ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù wọ́n tún un rọ lọ́tun ni, wọ́n tẹ̀ lé ìwọ̀n àti àwòrán ti àtijọ́, wọ́n sì gbé nọ́ńbà ẹ̀ lé e.

Àwọn kan á ní ẹ̀tàn nìyẹn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, ọmọ Yorùbá ò sì yẹ kó gbà bẹ́ẹ̀, torí a ti mọ irú nǹkan yìí tipẹ́. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún ilé yín. Aṣọ tí bàbá ńlá yín kọ́kọ́ rán mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó ti gbó tán lábẹ́, gbogbo ìran ló ń fi aṣọ tuntun kún un, ẹlòmíì á tún gbogbo òde ẹ̀ ṣe, síbẹ̀ tó bá jáde, orúkọ kan náà lẹ ń pè é, oríkì kan náà lẹ ń kì fún un, kò sẹ́ni tó máa sọ pé egúngún míì ni. Bàálù náà ní orúkọ tiẹ̀, irin pẹlẹbẹ kékeré kan ni tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí, tó dà bíi nọ́ńbà ṣáṣí lára mọ́tò. Irin kékeré yẹn àti ìwé tó ń bá a rìn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé òun ni. Ibi tí mo ti máa bínú ni tí ẹnì kan bá ṣe bàálù tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí kò ní orírun kankan, tó wá ń pè é ní ti 1940. Ìyẹn ẹ̀dà ni, kó pè é ní ẹ̀dà.

Kí ló ń gbó lára bàálù?

Mo wá kan ìbéèrè ìyá alákàrà. Mọ́tò ọkọ ẹ̀ ò bàjẹ́ torí pé ó jẹ́ ti 1998, ó bàjẹ́ torí pé ìgbà tó bá kú sọ́nà nìkan ni wọ́n ń tún un ṣe. Bàálù ò ṣeé lò bẹ́ẹ̀, torí kò sí ibi téèyàn lè páàkì sí lójú ọ̀run. Nítorí náà wọn kì í dúró dìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Gbogbo nǹkan ló ní iye wákàtí tó lè fi fò, tàbí iye oṣù tó lè lò, tó bá ti pé, wọ́n á tú u, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ nù, kódà kó ṣì máa dán.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé irin máa ń rẹ̀. Ẹ mú wáyà tí wọ́n fi ń so irin níbi ilé kíkọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, kò ní ṣe nǹkan kan, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣe é lọ, á dédé kán lójijì láìjẹ́ pé ẹ fi agbára kún un. Apá bàálù ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá fò, tó bá yí, tó bá balẹ̀. Òpó irin ńlá kan ló la inú apá yẹn já, òun ló gbé gbogbo ẹrù, bí igi àjà ṣe gbé páànù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka gbogbo wákàtí tí bàálù fi fò, tí wọ́n tún ń kọ bí wọ́n ṣe fipá yí i tó sílẹ̀. Lancaster ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pààrọ̀ òpó apá ẹ̀ ní 1995 kó lè máa fò lọ. Àwọn tó ń wa irú bàálù yìí kì í sì fi eré pá a lórí bíi ti ayé ogun mọ́, wọ́n ń ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni gbé àgbàlagbà lọ́wọ́ dání.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé irin ti fẹ́ kán nígbà tí ojú ò rí i? Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo kọ́ èyí. Olùkọ́ wa gbé irin kékeré kan tó ń dán fún wa, ó ní ká wá ibi tó ti sán. A yí i lọ, a yí i bọ̀, a gbé e sójú oòrùn, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Ó wá fín aró pupa sí i lára, ó fi í sílẹ̀ fún bíi ogún ìṣẹ́jú, ó nù ún títí kò fi ku pupa kankan lójú irin yẹn mọ́, ó wá fín nǹkan funfun bí ẹfun lé e lórí. Gbogbo wa dúró. Nígbà tó yá, ìlà pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí ẹfun yẹn, ó tín-ín-rín bí irun orí ọmọ tuntun, ó gùn tó ìdajì ìka mi. Aró yẹn ti wọ inú ibi tó sán lọ, ẹfun ló fà á jáde. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rántí ìyá ìyá mi, torí ọmọ ìlú aró ni wá, ó sì máa ń sọ pé tí ẹ̀kọ orí àdìrẹ bá gbẹ tó sì sán, ẹ ò lè fi pamọ́ fún aró, ibẹ̀ gan-an ló máa gbà wọlé. Nǹkan kan náà ni. Ọ̀nà míì wà, wọ́n lè ya fọ́tò inú irin bí wọ́n ṣe ń ya ti eegun ní ọsibítù, àmọ́ ti aró yìí ló wọ̀ mí lára jù.

Yàtọ̀ sí pé irin ń rẹ̀, ó tún ń jẹrà. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe ara bàálù kì í dípẹtà pupa bíi ti irin géètì, ńṣe ló ń hu nǹkan funfun bí iyọ̀, ó lè ti jẹ inú tán kí òde tó yọ wú. Rọ́bà náà ń gbó kódà téèyàn ò bá lò ó, gbogbo páìpù rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì àti epo ló ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kúrò. Ìdí nìyẹn tí bàálù tó dúró sójú kan fi máa ń bàjẹ́ ju èyí tó ń fò lọ.

Ìwà mẹ́káníìkì náà wà níbẹ̀ o. Ní 28 oṣù Karùn-ún 2012, bàálù Vulcan kan, jẹ́ẹ̀tì ńlá ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà ẹ̀ ni XH558, ó fẹ́ gbéra ní Doncaster, ni ẹ́ńjìnnì méjì bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ló fà á? Ẹ mọ àpò kéékèèké tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun kí ọ̀rinrin má bàa mú un, irú nǹkan inú ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń fi sẹ́nu ẹ́ńjìnnì tí bàálù bá dúró, wọ́n gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì fà á wọlé. Kò sì sí ibi kankan láyé tí wọ́n ti ń ṣe irú ẹ́ńjìnnì yẹn mọ́. Nígbà tí mo ka èyí ni mo tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń mú wa ka sùpánà wa nígbà tá a bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti nígbà tá a bá parí, tí ẹyọ kan bá dín, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lọ sílé.

Ta ló ń fún un láṣẹ láti fò?

Bàálù tí ẹ ń wọ̀ lọ sí Abuja ní ìwé kan tó túmọ̀ sí pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ń dúró lẹ́yìn ẹ̀, pé gbogbo ìdánwò tí ayé fọwọ́ sí ló ti yege. Bàálù ogun àtijọ́ ò ní irú ìwé yẹn, torí nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ìjà ni wọ́n ṣe é fún, kò sẹ́ni tó ń rò pé á fi ọgọ́rin ọdún fò. Nítorí náà ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fún un. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àṣẹ fífò lásán ni, pẹ̀lú òfin tó le tó so mọ́ ọn, kò sì lè máa gbé èrò bíi ti bàálù ilé iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ọ̀pọ̀ wọn sábẹ́ àwọn bàálù àdánwò tó wà fún àfihàn.

Ohun tó ń gbé àṣẹ yẹn ró ni ìwé. Gbogbo bóòtù, gbogbo páìpù, wọ́n gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tó ti wá, ẹni tó dè é, ọjọ́ tó dè é, ẹni tó yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò lẹ́yìn ẹ̀. Páátì tí ò ní ìwé kì í ṣe páátì, bó ti wù kó tuntun tó. Kò sì sí Ládipọ̀ fún bàálù 1940, èyí tó bá sọnù, ẹ máa wá a kiri ayé tàbí kẹ́ ẹ ní kí wọ́n rọ òmíràn.

Ìwé nìkan ò sì tó, ó gbọ́dọ̀ ní àwọn tó mọ̀ ọ́n. Vulcan yẹn náà ló kọ́ gbogbo èèyàn lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n tún un ṣe, ó padà sójú ọ̀run ní oṣù Kẹwàá 2007, àwọn èèyàn ń sunkún ayọ̀, owó aráàlú ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń gbé e fò. Ní oṣù Kẹwàá 2015 ó balẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀ ló ní àwọn ò lè ṣe é mọ́, torí àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ṣe é ti ń fẹ̀yìn tì tán, láìsí ọwọ́ wọn níbẹ̀ àṣẹ ò sì lè jáde. Èyí dùn mí ju gbogbo ẹ̀ lọ. Bàálù tó lè fò, tó dúró sílẹ̀ torí pé ìmọ̀ ń lọ sílé.

Kí ló le nínú wíwà á?

Ẹ́ńjìnnì Spitfire, Merlin lorúkọ ẹ̀, Rolls-Royce ló ṣe é, sílíńdà méjìlá, lítà 27. Tí Corolla yín bá jẹ́ 1.8, ẹ to mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pọ̀ kẹ́ ẹ tó rí Merlin kan. Tí páìlọ́ọ̀tì bá tẹ̀ ẹ́ tán lójijì, agbára fáànù yẹn á fẹ́ gbé bàálù kúrò lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi dì í mú. Àyè táyà méjèèjì sì sún mọ́ra, afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ lè yí i dànù.

Kò tiẹ̀ tíì gbéra nìyẹn o. Táyà kékeré ló wà nídìí ẹ̀, nítorí náà imú ẹ̀ gbójú sókè, ẹni tó jókòó sínú ẹ̀ ò rí iwájú rárá. Tẹ́ ẹ bá padà wo fídíò yẹn, ẹ máa rí i pé ńṣe ló ń rìn wọ́gọwọ̀gọ lórí ilẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ti ń ṣòro fún un láti dúró. Rárá o, páìlọ́ọ̀tì ń yí imú ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kó lè fi ẹ̀gbẹ́ wo ọ̀nà. Kò sì lè pẹ́ lórí ilẹ̀, torí rédíétọ̀ ẹ̀ wà lábẹ́ apá níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti tó o tí ò bá fò, omi ẹ̀ á gbóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tútù ò ṣeé tẹ̀, èyí tó gbóná jù ò ṣeé gbé fò, àárín méjèèjì ló ń wá.

Nítorí náà kì í ṣe ẹni tó mọ Boeing wà ló kàn máa bọ́ sínú ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi bàálù kéékèèké tó ní táyà nídìí kọ́ wọn, wọ́n á lọ sí èyí tó lágbára díẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan Spitfire.

Ta ló ń sanwó ẹ̀?

Olówó, ẹgbẹ́ tó ń dá owó, àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wá wòran, tàbí ìjọba. P9374 yẹn, wọ́n tà á ní ọdún 2015 ní ohun tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn lọ. Rírà sì nìyẹn o, Merlin lè mu epo tó 200 lítà ní wákàtí kan, epo bàálù ọ̀tọ̀ ló sì ń mu, kì í ṣe ti ilé epo ìgboro.

Tí wọ́n bá ń tọ́jú ẹ̀ báyìí, kí ló dé tí àwọn kan ṣì ń já?

Mi ò ní parọ́ fún yín, ó ń ṣẹlẹ̀. Ní 22 oṣù Kẹjọ 2015, jẹ́ẹ̀tì Hunter kan ń ṣe àfihàn ní Shoreham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹ́ yí po lójú ọ̀run, kò ga tó, ó já sórí títì márosẹ̀, èèyàn 11 tó ń bá tiwọn lọ ló kú. Kì í ṣe ọjọ́ orí bàálù ló fa ìyẹn, bí wọ́n ṣe wà á ni. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ìjọba wọn ní kí àwọn jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ má dá irú àrà bẹ́ẹ̀ mọ́ lójú ọ̀run tó wà lókè ilẹ̀.

Èyí tó jẹ́ ti mẹ́káníìkì ni ti B-17, bàálù ńlá Amẹ́ríkà tó ń ju bọ́ǹbù nígbà ogun, tó já ní Connecticut l'Amẹ́ríkà, ní 2 oṣù Kẹwàá 2019. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní, èrò tó sanwó ló wà nínú ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kẹrin kọ̀, páìlọ́ọ̀tì yí padà, kò délẹ̀ dáadáa, èèyàn méje kú. Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì yẹn wò, nǹkan méjì tó ń fún plọ́ọ̀gì níná ló yẹ kó ṣiṣẹ́, wáyà ti já lára ọ̀kan, èkejì ò sì lágbára mọ́. Plọ́ọ̀gì inú ẹ́ńjìnnì kẹta náà ti gbó kọjá ìwọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fojú inú wò ó. Wáyà kan ni, àti plọ́ọ̀gì. Ohun tí mẹ́káníìkì wa ní mekaníìkì fílẹ́jì á rí kó tó jẹun àárọ̀. Ìjọba fagi lé àṣẹ tí àwọn tó ni ín ní láti máa gbé èrò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn kí àwọn bàálù yìí máa fò, àmọ́ ẹni tí ò bá lè tọ́jú ẹ̀, kó gbé e sí mùsíọ́ọ̀mù.

Àwọn jẹ́ẹ̀tì tiwa ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn rèé. Nàìjíríà ra jẹ́ẹ̀tì Jaguar méjìdínlógún, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló jọ ṣe é, 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé, Makurdi ni wọ́n sì wà. Nígbà tó máa fi di 1991, wọ́n ti dá gbogbo wọn dúró nílẹ̀, owó páátì àti owó ìtọ́jú ló gbé wọn dè. Ẹ wá ro ohun tí mo sọ nípa rọ́bà, nípa alumíníọ̀mù tó ń hu funfun, kẹ́ ẹ fi ju ọgbọ̀n ọdún kún un. Àga tó ń gbé páìlọ́ọ̀tì fò jáde tí nǹkan bá burú, ìbúgbàù kékeré ló ń tì í, ìbúgbàù yẹn náà ní ọjọ́ tó ń kú. Kì í ṣe pé kéèyàn fọ̀ ọ́ kó sì da epo sí i.

Ti Alpha Jet yàtọ̀. Láti bíi 1981 la ti ń lò wọ́n, àwọn kan dúró, wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n tún ra díẹ̀ kún un tó wà lọ́wọ́ aládàáani ní Amẹ́ríkà. Tí ìròyìn bá ní wọ́n ti tún bàálù ogun ṣe, irú èyí ni wọ́n ń sọ, fún iṣẹ́ ni, kì í ṣe fún ìrántí bíi ti Spitfire. Ohun tó sì jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé ìlà ò já: ìwé ẹ̀ wà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà nínú iṣẹ́, páátì ṣì wà níbì kan.

Ẹ̀gbọ́n bi mí níbi táyà pé tí wọ́n bá ní kí n tún Jaguar kan ṣe, kódà kó kàn lè ké kó sì rìn lórí ilẹ̀, ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo ní mi ò ní kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ bàálù. Màá wá ìwé ẹ̀ kàn ná, lẹ́yìn náà màá wá àwọn bàbá tó ṣiṣẹ́ lára ẹ̀ láyé ìgbà yẹn, wọ́n á ti máa lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, màá tan fóònù mi kó máa gba ohùn sílẹ̀, màá jókòó tì wọ́n, màá sì bi wọ́n pé páìpù wo ló máa ń kọ́kọ́ jò.